Ta Ni Ó Jìnnà Sí Wa?

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má tíì dáhùn, ẹ kọ́kọ́ rò ó wò. Ẹnì kan wà ní Kútọ̀nù. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ṣábẹ, ó sì ní àbúrò kan ní Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó jìnnà sí i?

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ní àbúrò tí ó wà ní Paris ni. Òótọ́ ni, bí a bá fi kìlómítà wò ó. Láti Kútọ̀nù dé Ṣábẹ, ọ̀nà ọkọ̀ jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà. Láti Kútọ̀nù dé Paris, lójú òfurufú, ó jẹ́ nǹkan bí 4 700 kìlómítà. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìṣirò dé orí pínpín, ẹ mú kálàmù. Ẹ fi 250 pín 4 700. Ẹ ó rí i pé ọ̀nà Paris fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju ti Ṣábẹ lọ ní ìlọ́po 19.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi kìlómítà sílẹ̀, kí a wo agogo. Ọkọ̀ òfurufú ńlá máa ń sá tó 800 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní Kútọ̀nù yóò dé Paris ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ṣábẹ ńkọ́? Yóò lọ sí ibùdókọ̀. Yóò jókòó títí ọkọ̀ yóò fi kún. Bí ọkọ̀ bá tètè kún, tí táyà kò sì fọ́ lọ́nà, ó lè dé ní wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí kò bá tètè kún, ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí. Oòrùn lè wọ̀ bá a ní Ìdáṣà. Àwọn méjì lè kúrò nílé ní àárọ̀ kan náà, kí ẹni tí ó ń lọ sí Paris ti máa jẹun ní ilé àbúrò rẹ̀, nígbà tí èkejì ṣì ń ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà òfurufú yìí wù mí púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ní máàpù ayé ní kíláàsì yín, ẹ gbé rúlà lé Kútọ̀nù, kí ẹ fa ìlà lọ sókè tààrà, sí ìhà àríwá. Ìlà náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àárín Paris kọjá. Nítorí náà, bí oòrùn bá wà ní àtàrí wa, ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wọn náà. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kẹta, agogo Kútọ̀nù àti agogo Paris kò yàtọ̀. Ní ìyókù ọdún, Paris fi wákàtí kan ṣíwájú. Ẹ wá wo Lomé, tí kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ sí Kútọ̀nù. Ní gbogbo ọdún, agogo Lomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Kútọ̀nù. Ẹ̀yin Nàgó tí ẹ wà ní Tógò, tí ẹ ń kọjá ní ẹnubodè, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Agogo wa kò bá ti aládùúgbò mu, ó sì bá ti ará òkèèrè mu.

Ọkọ̀ náà máa ń gòkè tó 10 000 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Otútù tí ó wà lóde níbẹ̀ lè tó ìwọ̀n 50 lábẹ́ òdo. Ó ń fò kọjá lórí ilẹ̀ Bàrìbá, lẹ́yìn náà lórí aginjù Sàhárà, lẹ́yìn náà lórí òkun. Aginjù yẹn nìkan, ọkọ̀ ń lo nǹkan bí wákàtí méjì àti ààbọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1352, arìnrìn-àjò kan tí a ń pè ní Ibn Battuta bá àwọn oníràkúnmí la aginjù kan náà kọjá, láti Mòrókò wá sí ìhà ibí. Oṣù méjì ni ó gbà wọ́n. Oṣù méjì, pẹ̀lú òùngbẹ. Lónìí, ẹni tí ó bá sùn nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé òun ti kọjá aginjù kankan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá lọ sí òkèèrè, kò sí ẹni tí ń bá a wí pé kò wá. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ rántí ìtàn àwọn Agúdà. Wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíl. Nagô ni wọ́n ń pe àwọn tí ó ń sọ èdè wa níbẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ dé Bahia, lójú òfurufú, ó jẹ́ nǹkan bí 5 000 kìlómítà, kò fi púpọ̀ ju ti Paris lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi onígbòkun ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí òkun yẹn, ẹrú kò sì ní ọkọ̀. Ìyá kú, ọmọ kò gbọ́. Ọmọ bímọ, ìyá kò gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní Bahia ní ọdún 1835, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, sí Àjàṣẹ́, sí Wídà, sí Àgwé, sí Èkó. Àwọn tí ó padà kò bá òbí wọn láyé mọ́. Ṣé ẹnì kan lè dá wọn lẹ́bi? Rárá. Ohun tí agbára ènìyàn kò ká, a kì í fi í ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ wo ibi tí ó gbé wa dé. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni ó mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn àwọn ti àtijọ́, tí ọ̀nà wá kúrú di wákàtí mẹ́fà, ṣé ẹ̀bi ti padà sọ́rùn àwọn ti òde òní? Ṣé ọmọ tí ó wà ní Paris, tí kò wá wo ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, jẹ̀bi ju ẹni tí wọ́n kó lọ sí Bahia?

Mo gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ ní kíláàsì wa ní alẹ́ ọjọ́ kan. Àríyànjiyàn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ka ìwé kankan mọ́. Ìyá kan tí ó ń ta gàrí ní ọjà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ tí ó wà ní wákàtí mẹ́fà tí kò wá, kò fẹ́ wá ni. Ó ní òun máa ń lo wákàtí mẹ́fà lórí gàrí kan ṣoṣo, kí òun tó yan án tán. Arábìnrin kan tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí dá a lóhùn. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Wákàtí mẹ́fà yẹn, ta ni ó ni í?"

Ìbéèrè arábìnrin yìí ni ó wú mi lórí jù lọ ní alẹ́ yẹn. Wákàtí mẹ́fà kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ó wà fún ẹni tí ó ní tíkẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ní ìwé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, àlọ àti àbọ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fàránkì ni. Ìwé tún le ju owó lọ. Ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ìyá tí ó bá fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Paris gbọ́dọ̀ gba físà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó físà yẹn jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, ìyẹn nǹkan bí 59 000 fàránkì. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gbà láti ọdún 2023 jẹ́ 52 000 fàránkì. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gba owó oṣù yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù kan lọ, láìjẹun, kí ó tó lè san owó ìbéèrè nìkan. Bí wọ́n bá sì kọ̀ fún un, owó náà ti lọ nìyẹn, wọn kì í dá a padà. Òfin fún àwọn tí ó ń ṣe físà ní ọjọ́ 15 láti dáhùn, ó sì lè gùn dé ọjọ́ 45. Ìrìn wákàtí mẹ́fà, ìwé rẹ̀ ọjọ́ 45. Oníràkúnmí ọdún 1352 kò pẹ́ ju èyí lọ púpọ̀.

Ẹ tún wò ó láti ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà lọ́hùn-ún. Bí ó bá ní káàdì ìgbélùú, ó lè wá, kí ó sì padà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò ní í. Wọ́n ń fọ àwo nílé oúnjẹ, wọ́n ń gbé bíríkì, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wọ ọkọ̀ òfurufú kí ó dé Kútọ̀nù ní wákàtí mẹ́fà. Kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde, ilẹ̀kùn ti padé lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ti tán, owó oṣooṣù ti tán, oògùn ìyá rẹ̀ tí owó náà ń rà ti tán. Ọmọ yìí ń ṣírò rẹ̀ ní òru. Bí mo bá lọ wò ó, kí ni yóò máa jẹ lẹ́yìn tí mo bá lọ? Bí n kò bá lọ, ṣé n óò tún rí ojú rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ó ti gbàgbé ilé, ẹ rọra. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ọ̀nà mọ́ kò lè relé.

Ìjọba lè mú kí ọ̀nà gùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ kò yẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfurufú orílẹ̀-èdè wọn pa láti ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ọkọ̀ òfurufú tí ó ń lọ láàárín ìhà ibí àti Yúróòpù ní láti yà gba ibòmíràn, ìrìn sì gùn sí i. Ẹ̀yin ará Kétu kò tilẹ̀ nílò ọkọ̀ òfurufú kí ẹ tó mọ èyí. Ìmẹ̀kọ wà nínú ilẹ̀ ọba Kétu rí. Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fohùn ṣọ̀kan, wọ́n fa ìlà, Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà ibẹ̀ kò tó 50 kìlómítà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Lákòókò yẹn, àpò àgbàdo kan láti Kétu jìnnà sí ọjà Ìmẹ̀kọ ju bí lẹ́tà ṣe jìnnà sí Paris lọ.

Nítorí náà, mo gbà pé arábìnrin yẹn sọ òótọ́. Kí a tó dá ẹni tí kò wá lẹ́bi, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ní owó, tí ó ní káàdì, tí ó ń lọ ṣe fàájì ní ìlú mìíràn lọ́dọọdún tí kò sì yà sílé, èmi kò ní gbèjà rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà yẹn jẹ́ tirẹ̀, ó sì jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹni tí kò ní wọn, ó ṣì wà ní Bahia.

Ṣùgbọ́n ìyá onígàrí kò ṣàìní òótọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ físà ti gba gbogbo ẹnu, ó ní ó dára, ẹ fi àwọn ará Paris sílẹ̀. Ó ní, "Àwa tí a wà níhìn-ín ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Nítorí ta ni nínú wa tí kò ní bàbá kékeré kan ní abúlé, tí kò tó wákàtí kan lórí zẹ́mìjáànì, tí a kò rí láti ọdún méjì? Kò sí físà ní ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ti ojú òfurufú pa. Síbẹ̀, bí wọ́n bá béèrè, a ó ní, "Ọ̀nà jìn." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tí agbo ilé rẹ̀ kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wọn. Ọ̀nà wo ni ó jìn níbẹ̀?

Ohun kan tún wà tí ọkọ̀ òfurufú mú bá wa tí n kò tíì rí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá kú, a máa ń tètè sin ín, nítorí ooru. Ọmọ tí ó wà ní oko òkèèrè yóò wá bá ibojì, yóò sunkún, ìnáwó yóò tẹ̀ lé e nígbà tí ọwọ́ bá tẹ owó. Àwọn Mùsùlùmí ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nísinsìnyí tí ọmọ lè dé ní wákàtí mẹ́fà, òkú àwọn mìíràn ń wà ní mọ́ọ̀gì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fún oṣù kan, fún oṣù méjì pàápàá. Wọ́n ń dúró de ọmọ Paris. Ọmọ Paris ń dúró de ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ń dúró de tíkẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n. Mọ́ọ̀gì ń ka ọjọ́, owó rẹ̀ ń gòkè. Àwọn tí ó wà nílé ń ya owó láti rán aṣọ ẹbí. Nígbà tí ẹsẹ̀ àti ràkúnmí ni ọkọ̀ wa, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọkọ̀ ti wá yá, òkú ń pẹ́.

Ẹnì kan lè ní tẹlifóònù ti tán ìṣòro yìí. Òótọ́ ni pé ohùn ń dé láti Paris kí a tó ṣẹ́jú, a sì ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ìyá arúgbó tí kò lè sùn bí ọmọ rẹ̀ kò bá tíì pè. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, wọn kò sì mọ tẹlifóònù nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Nínú tẹlifóònù, ìyá yóò ní, "Ara mi le." Yóò gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, yóò wé gèlè. Ọmọ kò ní rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò ní rí i pé ìkòkò omi ṣófo. Ẹni tí ó bá wọlé, tí ó jókòó lórí àpótí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò rí gbogbo rẹ̀ láìbéèrè. Àwa tí a wà nítòsí ni a lè jókòó lórí àpótí náà. Ọmọ tí ó wà lọ́hùn-ún lè fi owó ránṣẹ́, a kò sì lè fi ìjókòó ránṣẹ́. Mo rò pé láàárín ọmọ Paris àti ọmọ Kétu, ojúṣe kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì yẹ kí a máa fi ọ̀kan gún èkejì lójú. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ Kétu tí ó ń jẹ nínú owó tí ọmọ Paris fi ránṣẹ́, tí kò jókòó lórí àpótí.

Ohun tí mo sọ ní kíláàsì ní ìparí ni pé, bí ọmọ kan bá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti ná, kí ó ná an nígbà tí ìyá ṣì ń sọ̀rọ̀. Kí àwọn ẹbí sọ fún un láìtijú pé, "Má dúró de òkú. Wá nísinsìnyí, bí ó bá kú, àwa yóò sin ín lọ́jọ́ kejì, a kò ní gbé e lọ sí mọ́ọ̀gì." Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn, gbogbo ènìyàn yóò gbà á.

Bàbá kan tí ó ti lé ní 70 ọdún kò gbà. Ó máa ń jókòó lẹ́yìn, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo wí. Ó ní òun bí ọmọ méje, ọ̀kan wà ní òkè òkun, òun kò sì rí i láti ọdún 2008. Ó ní, "Tíṣà, bí ó bá wá nísinsìnyí, mo mọ̀ pé inú mi yóò dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, tí àwọn mẹ́fà bu erùpẹ̀ lé mi, tí ìkeje kò sí níbẹ̀, ìlú yóò sọ pé mo bí ọmọ mẹ́fà." Mo bi í pé, bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ó lè yàn, èwo ni yóò yàn. Ó rò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí n kọ́ òun bí a ti ń kọ lẹ́tà, kí òun fúnra òun bi ọmọ náà. A ti dé orí lẹ́tà "gb". Ó ku díẹ̀.